Mo Kọ̀ Láti Pín Ilẹ̀ Ọba Níwájú Alápatà

Àbígbẹ̀yìn mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ dáadáa, ṣé àwọn tó ń gbé yàrá ẹ̀gbẹ́ rẹ ti dín ariwo wọn kù? Mo kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta, àmọ́ oṣù méje ni, mo sì mọ̀ pé oṣù méje kì í ṣe ọjọ́ mẹ́ta. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí o fẹsẹ̀ kọ lójú ọ̀nà, kí Ó má jẹ̀ẹ́ kí àìsàn bá ọ níbi tí kò ti sí ẹni tó máa fún ọ lómi mu, kí ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ máa fi ojú ènìyàn wò ọ́. Tí o bá ti ṣe àmín, wá ibì kan jókòó sí, nítorí lẹ́tà yìí gùn. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi kọ ọ́, nítorí náà tí o bá rí i pé inú mi dùn díẹ̀ lójú ewé kan tí ó sì bàjẹ́ pátápátá lójú ewé kejì, kì í ṣe pé orí mi ti ń dàrú, ọjọ́ tí mo kọ wọ́n ló yàtọ̀.

Ìdí tí mo fi kọ lẹ́tà ni pé èmi àti fóònù ò gbọ́ ara wa yé. Ẹ̀gbọ́n rẹ àgbà ti fi nǹkan kan sínú tèmi tó fi ń sọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi láìpè mí, ohùn rẹ̀ á kàn jáde lójijì. Mo máa ń dá a lóhùn dáadáa, mo máa ń dúró kí ó mí kí n tó sọ tèmi, àmọ́ kì í dúró gbọ́, á ti bọ́ sínú ọ̀rọ̀ mìíràn. Mo rò pé ó ń bínú sí mi ni, títí Nọ́ọ̀sì, ọ̀kan nínú àwọn tí a jọ ń kàwé báyìí, fi ṣàlàyé fún mi pé ọ̀rọ̀ àná ni mò ń gbọ́, pé ọmọ yẹn lè ti sùn lọ fọnfọn nígbà tí èmi ń bá a jiyàn. Tìrẹ ló yàtọ̀. Tí mo bá pè ọ́, obìnrin kan ló máa ń gbé e, á ní o ò sí nítòsí. Oníwà pẹ̀lẹ́ ni o, gbogbo bí mo ṣe ń pè tó, kò fi ọjọ́ kan gbó mi lẹ́nu rí. Mo ti rán an sí ọ tó ìgbà mẹ́wàá pé kí o pè mí. Bóyá ó ń gbàgbé ni.

Ní ti ilé, òrùlé ti ń jò lókè yàrá ìyá yín. Mo gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kúrò níbẹ̀ kí omi má baà ba á jẹ́, mo gbé e sí pálọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ní báyìí òun ni mo máa ń kọ́kọ́ kí tí mo bá wọlé, tí mo bá kí i tán ni mo tó máa ń rántí pé ìyá yín ò sí mọ́. Mo fẹ́ gun òkè lọ dí ibi tó ń jò, mo tilẹ̀ ti gbé àkàbà ti ara ògiri, àmọ́ ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n. Ìṣó máa ń já bọ́ lọ́wọ́ mi kí òòlù tó dé orí rẹ̀. Àádọ́ta ọdún ni mo fi ṣe káfíńtà, mi ò mọ̀ pé ìṣó lè sá fún mi.

Ibi tí mo ti bá ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ fún ọ pàdé nìyí. Ilé ìkàwé tó wà lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́ ránṣẹ́ pè mí pé àga wọn mẹ́ta ń mì. Iṣẹ́ kékeré ni, irú iṣẹ́ tí mo máa ń ṣe tán kí n tó jẹun àárọ̀ nígbà kan. Ọ̀sán Ọjọ́rú ni mo lọ. Mo wọ abẹ́ tábìlì ńlá tó wà ní yàrá ẹ̀yìn, mò ń yẹ ẹsẹ̀ àga wò, àfi bí àwọn ènìyàn ṣe wọlé, tí wọ́n jókòó yí tábìlì ká, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé sókè. Wọn ò mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. Èmi náà ò fẹ́ kan ìṣó kí n má baà dí wọn lọ́wọ́, ni mo bá dùbúlẹ̀ sílẹ̀, mò ń gbọ́. Ọkùnrin kan nínú ìwé náà ń sunkún pé ọwọ́ ara òun ni òun fi ba ilé òun jẹ́. Nígbà tí wọ́n fi parí, mi ò tíì fọwọ́ kan ẹsẹ̀ àga kankan. Mo sọ fún wọn láti abẹ́ tábìlì pé màá padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ̀rù sì ba Nọ́ọ̀sì débi pé ó da omi tó wà nínú ife rẹ̀ sí mi lára.

Lọ́sẹ̀ kejì náà mi ò parí iṣẹ́. Lọ́sẹ̀ kẹta, Tíṣà gbé fọ́ọ̀mù fún mi. Tíṣà yìí ló kọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ kejì níwèé, ó ti fẹ̀yìn tì, òun ló kó àwọn yòókù jọ láti máa ka eré orí ìtàgé. Nọ́ọ̀sì náà ti fẹ̀yìn tì. Ẹnì kẹta wọn ni Alápatà tó wà ní ìkòríta, tó máa ń ti ìsọ̀ rẹ̀ lọ́sàn-án Ọjọ́rú nítorí eré yìí. Mo kọ fọ́ọ̀mù náà dáadáa. Wọ́n bi mí pé kí ló mú mi wá, mo kọ ọ́ pé àga mẹ́ta tó ń mì. Wọ́n bi mí pé irú ìwé wo ni mo fẹ́ràn, mo ní èyí tí ojú ewé rẹ̀ ò já. Wọ́n ní kí n kọ orúkọ ẹni tí wọ́n lè pè tí nǹkan bá ṣe mí, mo kọ orúkọ rẹ àti nọ́ńbà rẹ, mo sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé pé obìnrin kan ló máa gbé e, kí wọ́n bá mi kí i.

Ẹni tó kọ àwọn eré náà ti kú láti nǹkan bí irinwó ọdún sẹ́yìn, ní ilẹ̀ òkèèrè. Tíṣà ní a ò ka ìwé rẹ̀ fún ìdánwò o, ìgbádùn lásán ni. Mo bi í pé ìgbádùn dà, nígbà tó jẹ́ pé nínú eré mẹ́rin tí a ti kà, ojú ewé tó gbẹ̀yìn kì í sí láìsí òkú nílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n fara balẹ̀. Mo fara balẹ̀, mo sì ti mọ nǹkan púpọ̀ nípa ayé ìgbà náà. Igi ni wọ́n fi kọ́ ilé ìṣeré wọn, ó rí rọ̀bọ̀tọ̀, àárín rẹ̀ ò ní òrùlé, ẹni tí kò bá lówó púpọ̀ á dúró sínú òjò wo eré títí yóò fi parí. Mo ní ilé tiwa náà ti fẹ́ di irú rẹ̀. Ìgbà kan wà tí onílẹ̀ fẹ́ dà wọ́n láàmú, ni wọ́n bá tú ilé ìṣeré náà palẹ̀, igi kọ̀ọ̀kan, wọ́n kó wọn sọdá odò, wọ́n sì fi wọ́n kọ́ òmíràn. Mo bi Tíṣà pé ta ni káfíńtà tó ṣe é, ó ní orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ìtàn títí dòní. Inú mi dùn fún ọkùnrin náà gan-an. Tí àjàkálẹ̀ àrùn bá dé, wọ́n á ti ilẹ̀kùn ilé ìṣeré, àwọn òṣèré á máa rìn káàkiri láti ìlú dé ìlú. Tíṣà sì ní nígbà tí òǹkọ̀wé náà máa kú, ibùsùn rẹ̀ tó dára ṣìkejì ló fi sílẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀ nínú ìwé ìhágún. Àwọn ọ̀mọ̀wé ti jà lórí ọ̀rọ̀ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo ní kí wọ́n sọ irú igi tí wọ́n fi ṣe é fún mi, màá dá ẹjọ́ náà fún wọn lójú ẹsẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀.

Ìyẹn ló mú wa dé orí eré ọba. Ọba àgbà kan ni, ó ti rẹ̀ ẹ́, ó ní ọmọbìnrin mẹ́ta. Ó pè wọ́n jọ pé òun fẹ́ pín ilẹ̀ òun fún wọn kí òun lè sinmi, àmọ́ kí ẹnì kọ̀ọ̀kan kọ́kọ́ sọ bí ó ṣe fẹ́ràn òun tó. Àwọn méjì àkọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ oyin. Àbúrò wọn ò rí ọ̀rọ̀ oyin sọ, ọba bá bínú lé e jáde. Tíṣà ní èmi ni kí n ka ipò ọba, nítorí irùngbọ̀n mi, àti pé èmi nìkan ni mo bí ọmọbìnrin mẹ́ta nínú wa. Alápatà ló ń ka àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọwọ́ tó fi ń fọ́ egungun màlúù ló fi ń di ìwé mú, àmọ́ ohùn rẹ̀ tín-ín-rín bíi ti ọmọge. Tíṣà ní kò burú, pé láyé ìgbà náà àwọn ọmọkùnrin kéékèèké ló ń ṣe obìnrin lórí ìtàgé. Mo ní ó ti yé mi ìdí tí àbúrò wọn yẹn fi dákẹ́, ohùn ọmọ náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yí padà. Tíṣà ní ìyẹn kọ́.

Nígbà tó kan ibi tí ọba ti máa sọ pé òun pín ilẹ̀, mo dákẹ́. Wọ́n rò pé mi ò rí ìlà ni. Mo rí i. Ìwọ náà mọ̀ mí, ohun tí mo bá ti fi ẹnu mi sọ níwájú ẹni mẹ́ta, mo ti ṣe é nìyẹn. Bí mo ṣe gba iṣẹ́ ní gbogbo ayé mi nìyẹn, mi ò bá oníbàárà kọ ìwé rí. Màá sọ irú igi, màá sọ ọjọ́ tí màá gbé e dé, àwọn tó wà nítòsí á gbọ́, ó parí. Ìwé tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ fẹ́ kí n fọwọ́ sí láti fi ta ilé sì wà nínú àpò ẹ̀wù mi lọ́jọ́ náà. Tí mo bá wá dìde níwájú Tíṣà, Nọ́ọ̀sì àti Alápatà tí mo sọ ọ́ sókè pé mo pín ilẹ̀ mi fún àwọn ọmọbìnrin mi mẹ́ta, ta ló máa jẹ́rìí sí i pé ilé kọ́ ni mo pín? Tíṣà ní ilẹ̀ ọba ni, kì í ṣe tèmi. Mo ní ilẹ̀ lè jẹ́ ti ọba, ẹnu ni tèmi.

Ọjọ́rú mẹ́ta gbáko ni eré ò fi kúrò lójú kan. Inú bí Alápatà, nítorí ó ti kó ọ̀rọ̀ ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí níwájú dígí, kò sì rí ẹni tó máa bi í ní ìbéèrè tó máa dáhùn. Nọ́ọ̀sì ti múra àrá sílẹ̀ pẹ̀lú páànù tí mo bá a gé, torí ìjì kan wà nínú eré náà tí yóò lé ọba sínú òjò, ó ń gbé páànù náà lọ ó ń gbé e bọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó gbà mí níyànjú pé kí n fi ìwé ilé sílé kí n tó wá. Mo fi í sílé, àmọ́ ẹnu mi bá mi wá.

Tíṣà bá ní kí a fi ìwé sílẹ̀ ná, kí a wo fíìmù, bóyá ẹnu mi á yọ̀. Ara ògiri ló tàn wọ́n sí. Nínú ti àkọ́kọ́, ọba náà wọ kóòtù àti táì, ilé iṣẹ́ ńlá ló ń pín, wọ́n sì gba káàdì tó fi ń ṣí ilẹ̀kùn ilé iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú ìkejì, àgbẹ̀ ni, oko ló pín. Nínú ìkẹta, ọmọkùnrin mẹ́ta ló bí, wọ́n gun ẹṣin, wọ́n ń sọ èdè tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò gbọ́, àmọ́ mo mọ ohun tí àgbà náà ń sọ láti ojú rẹ̀. Mo sọ fún Tíṣà pé ọ̀rọ̀ yìí ti ń pọ̀ jù, ìdílé mẹ́rin ló ti ṣẹlẹ̀ sí báyìí, kí ló dé tí wọn ò kìlọ̀ fún ara wọn? Ó ní ìdílé kan náà ni, ìtàn kan náà ni wọ́n ń wọ aṣọ tuntun fún. Mo ní kò lè jẹ́ ọ̀kan náà, ọlọ́táì yẹn ní ìwé rẹpẹtẹ lẹ́yìn tábìlì rẹ̀, tí ó bá jẹ́ ìtàn àtijọ́ ni, ì bá ti kà á. Tíṣà ní ìwé wà nílé gbogbo wa.

Jẹ́ kí n sọ ti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ fún ọ, kí o má baà rò pé wọ́n ń fìyà jẹ mí. Ọmọ dáadáa ni wọ́n, ilé wọn ló kéré. Wọ́n ti ṣètò rẹ̀ pé tí a bá ta ilé tán, màá máa lo oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ àgbà, oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ ìkejì, màá sì máa pààrọ̀ bẹ́ẹ̀ títí. Mo bi wọ́n léèrè àga mi. Mọ́kànlá ló kù nínú àwọn tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe. Ẹ̀gbọ́n rẹ àgbà ní kí n kó mẹ́fà wá. Ìkejì ní lọ́dọ̀ òun o, mẹ́ta nìkan ni àyè á gbà. Ìyẹn àgbà bá tún sọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù pé bí àbúrò òun bá gba mẹ́ta, kí ni òun máa fi mẹ́fà ṣe, àti pé kí tilẹ̀ ni mo fẹ́ fi ọ̀kan ṣe, nígbà tí ìjókòó wà níbẹ̀? Bí àwọn ọmọ méjì tó gba ilẹ̀ ṣe ṣe ọba yẹn náà nìyẹn nígbà tó lọ ń gbé lọ́dọ̀ wọn, ọmọ ogun rẹ̀ ni wọ́n ń dín kù mọ́ ọn lọ́wọ́. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo jókòó lórí ọ̀kan nínú mọ́kọ̀ọ̀kànlá náà, mo sì jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú mọ́ mi níbẹ̀.

Ọmọ mi, ohun tí mò ń yí ká láti òkè lẹ́tà yìí nìyí, jẹ́ kí n sọ ọ́ tààrà. Lọ́jọ́ tí ẹ̀yin mẹ́ta jókòó sí pálọ̀ lẹ́yìn ìsìnkú ìyá yín, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ di ọwọ́ mi mú lọ́tùn-ún lósì, wọ́n ń sọ fún mi bí wọn ò ṣe ní í jẹ́ kí ìyà jẹ mí. Ìwọ ò di ọwọ́ mi mú. Ìwọ kàn bi mí pé tí mo bá ta ilé, níbo ni mo máa jókòó sí. Èmi sì dá ọ lóhùn níwájú wọn pé ilé lò ń wá, pé ò ń dúró kí n kú kí o lè jogún rẹ̀. Mo rí ojú rẹ. O ò sọ nǹkan kan, o gbé báàgì rẹ, o sì pa ilẹ̀kùn dé jẹ́jẹ́. Ká ní o tilẹ̀ gbá a gbàà ni, ì bá sàn fún mi. Ọ̀rọ̀ burúkú ni mo sọ, irọ́ sì ni, mo mọ̀ pé irọ́ ni nígbà tó ń jáde lẹ́nu mi. Mo bẹ̀ ọ́. Bàbá rẹ ló ń bẹ̀ ọ́, mi ò sì fi ẹnikẹ́ni ṣe alágbàwí.

Mo ti sọ fún àwọn ara ilé ìkàwé nípa rẹ. Mo ní nínú eré yìí ẹni tó dákẹ́ ló fẹ́ràn bàbá rẹ̀ jù, nítorí náà bí ọmọ mi ṣe dákẹ́ fún oṣù méje yìí, ìfẹ́ tó ní sí mi pọ̀ kọjá kèrémí. Nọ́ọ̀sì ní bẹ́ẹ̀ ni. Alápatà ń wo ilẹ̀. Tíṣà wúkọ́, ó ní kí a ṣí ojú ewé tó kàn.

Mo yá ìwé náà lọ sílé, Tíṣà sì yá mi ní gíláàsì ojú rẹ̀ kan. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà, mò ń fi ìka tẹ̀ lé ọ̀rọ̀, mo fò lọ sí ìparí láti mọ̀ bóyá ọmọ náà padà wálé. Ó padà wá. Ó dárí ji bàbá rẹ̀, kò tilẹ̀ jẹ́ kí ó kúnlẹ̀. Mo rò pé ó parí síbẹ̀. Kò parí síbẹ̀. Lójú ewé tó gbẹ̀yìn, ọba gbé e wọlé lọ́wọ́, ọmọ ti kú, bàbá ń wo ẹnu rẹ̀ bóyá ó ṣì ń mí. Mo pa ìwé dé. Mo wọ yàrá rẹ lọ, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ, mo sunkún bí mi ò ṣe sun nígbà tí ìyá yín kú, nítorí nígbà náà àlejò pọ̀ nílé.

Ní Ọjọ́rú, mo gbé ìwé padà fún Tíṣà pé mi ò ṣe mọ́. Ó ní kí n jókòó. Ó ní ìgbà kan wà, lẹ́yìn tí òǹkọ̀wé náà ti kú, tí ẹlòmíràn yí ìparí eré yìí padà, tó jẹ́ pé ọmọ ò kú, ọba gba ìtẹ́ rẹ̀ padà, ọmọ sì rí ọkọ fẹ́. Ó ní bí àádọ́jọ ọdún ni àwọn ènìyàn fi ń wo ìyẹn, tí wọn ò fẹ́ rí ti àkọ́kọ́ sójú. Mo ní èwo ni wọ́n wá padà sí? Ó ní wọ́n padà sí ti ẹkún. Mo bi í pé kí ló ṣe wọ́n. Ó ní bóyá wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ bàbá ló ń pẹ́ jù kí wọ́n tó mọ̀.

Wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn lórí ibi tí ọba ti ṣìnà. Alápatà ní ilẹ̀ tó pín láìtíì kú ni. Nọ́ọ̀sì ní òjò tó jáde sí ní ọjọ́ orí rẹ̀ láìdé fìlà ni. Èmi ní ìbéèrè yẹn ni. Ó ní kí ọmọ sọ ìfẹ́ kí ó tó gba ilẹ̀, bí ẹni pé ọjà ni. Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni mo dìde. Mo fi ẹnu ara mi ka ọ̀rọ̀ ọba sókè níwájú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo pín ilẹ̀ sọ́nà mẹ́ta ọgbọọgba, mi ò sì bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè kankan. Tíṣà ní kò sí nínú ìwé bẹ́ẹ̀. Mo ní mo mọ̀. Alápatà là ẹnu láti dáhùn, kò rí ohun tó máa dáhùn sí. Kò sí ìjà, kò sí ẹni tí a lé jáde, Nọ́ọ̀sì ò ní àrá kankan láti sán. Eré tó yẹ kó gbà wá ní wákàtí mẹ́ta parí ní ìṣẹ́jú méjì, a sì jókòó síbẹ̀, a ń wo ara wa.

Mo ti fẹ́ gbàgbé ọ̀rọ̀ owó. Tíṣà ti fẹ́ gba gíláàsì rẹ̀ padà, mo sì fẹ́ kí o bá mi wá díẹ̀ fún tèmi, kì í ṣe èyí tó wọ́n, èyí tí mo lè fi mọ ìlà kan yàtọ̀ sí èkejì ti tó. Tí o bá sì tún rí díẹ̀, páànù mẹ́rin péré ni òrùlé nílò, kí ó má máa jò sórí ẹni tó bá rà á. Àmọ́ tí owó tó wà lọ́wọ́ rẹ bá jẹ́ pé gíláàsì tàbí owó ọkọ̀ ló máa tó, jọ̀ọ́, fi wọ ọkọ̀.

Nítorí mo ti fọwọ́ sí ìwé ilé. Ọjọ́ kejì ọjọ́ tí mo pín ilẹ̀ ọba ni mo lọ bá agbẹjọ́rò. Ó ní nítorí pé orúkọ ìyá yín wà lórí ilé, ìpín tirẹ̀ ti di ti ẹ̀yin mẹ́ta, gbogbo yín lẹ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí ẹnikẹ́ni tó lè tà á. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ ti fọwọ́ sí tiwọn, ìlà tìrẹ ló kù. Mo mọ̀ pé tí mo bá fọwọ́ sí tèmi, ilé ti lọ nìyẹn, mi ò sì mọ ibi tí màá jókòó sí, gẹ́gẹ́ bí o ṣe wí. Mo wá bi í bóyá a lè fi ìwé náà ránṣẹ́ sí ọ níbi tí o wà. Ó ní rárá. Mo ní bóyá kí ẹ̀gbọ́n rẹ bá ọ fọwọ́ sí i. Ó ní rárá, àfi kí ìwọ fúnra rẹ wá, kí o jókòó síwájú òun, kí èmi náà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. Mo tún bi í lẹ́ẹ̀kẹta kí n lè gbọ́ ọ dáadáa. Lẹ́yìn náà ni mo gba bíírò lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì tó gbẹ̀yìn oṣù yìí ló dá fún wa, ní aago mẹ́wàá àárọ̀.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ìjókòó rẹ àti ìdìde rẹ, kí ọwọ́ rẹ má rẹlẹ̀, kí ohun tí mo sọ sí ọ lọ́jọ́ yẹn má ṣẹ sí ọ lára láéláé. Tí o bá fọwọ́ sí i tán tí o ò sì fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, mi ò ní í bínú. Màá ti rí ọ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.